Ọmọ Yín Tí Ó Wà ní Calavi

Ọmọ Kétu ni mí. Ìyá onígàrí ni ó bí mi. Mo lọ sí yunifásítì ìjọba ní Calavi, mo sì jáde níbẹ̀ ní ọdún 1991. Láti ìgbà náà wá, bí mo bá lọ sí ọjà tàbí ibi ìnáwó, ẹnìkan yóò fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò rọra bi mí pé: "Ọmọ wa wà ní Calavi. Kí ni wọ́n tilẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ tí kì í tán?"

Ìbéèrè gidi ni. Ẹni tí ó fi ọmọ sọ́dọ̀ télọ̀ mọ ohun tí ọmọ náà ń kọ́. Ó lè kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, kí ó rí ọmọ rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ. Ẹni tí ó rán ọmọ lọ sí yunifásítì kò rí nǹkan kan. Owó tí ń jáde lápò rẹ̀ nìkan ni ó ń rí. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ bí ibẹ̀ ti rí fún yín, bí ojú mi ti rí i. Èyí tí ó dùn, n ó sọ ọ́. Èyí tí kò dùn, n ó sọ ọ́ pẹ̀lú.

Kí ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí à ń wí. Abomey-Calavi ni orúkọ ìlú náà, ṣùgbọ́n Calavi ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Bí ẹ bá gba ọ̀nà Àlàdá láti Kútọnu, kò ní pẹ́ kí ẹ tó dé ibẹ̀. Ní ọdún 1970 ni wọ́n dá yunifásítì náà sílẹ̀, nígbà tí orílẹ̀-èdè wa ṣì ń jẹ́ Dàhòmẹ̀. Kí ó tó di ìgbà náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tí wọ́n fẹ́ kàwé dé òkè ní láti lọ sí Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà, tàbí kí wọ́n wọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ní ọdún 1975, orílẹ̀-èdè wa yí orúkọ padà, ó di Bẹ̀nẹ̀. Yunifásítì náà bá a yí orúkọ padà. Ní ọdún 2001, orúkọ tún yí, ó di Yunifásítì Abomey-Calavi. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba dá òmíràn sílẹ̀ ní Paraku.

Àwọn ará wa tí wọ́n wà ní Tógò ní tiwọn ní Lomé. Ọdún 1970 ni òun náà bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé títí di ọdún 2001, Yunifásítì Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n ń pe ti Lomé, bẹ́ẹ̀ kò sí ní Bẹ̀nẹ̀. Nàìjíríà náà ní Yunifásítì Bẹ̀nẹ̀ tirẹ̀, ní ìlú àwọn Ẹ̀dó. Nígbà náà, bí ènìyàn bá sọ pé ọmọ òun wà ní Yunifásítì Bẹ̀nẹ̀, ẹ ní láti bi í pé: ní orílẹ̀-èdè wo?

Ti ìjọba ni gbogbo àwọn tí mo dárúkọ yìí. Ìjọba ni ó ń san owó oṣù àwọn olùkọ́. Owó tí akẹ́kọ̀ọ́ ń san láti forúkọ sílẹ̀ kéré sí ti ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni. Nítorí èyí, ọmọ olówó lè wá, ọmọ tálákà lè wá. Ọmọ ìyá onígàrí náà lè wá. Ibẹ̀ ni èrò ti wá, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 1986 ni mo wọ ibẹ̀. Mo ti gba ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n ń pè ní bàkì, èyí tí à ń gbà ní òpin kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ní Kétu, wọ́n ti pa adìyẹ fún mi. Bàbá mi ti kí gbogbo àdúgbò. Ẹni tí ó bá pàdé mi lọ́nà yóò wí pé: "Ọmọ ìyá onígàrí nìyẹn, ó ń lọ sí yunifásítì." Mo gbé àpótí mi, mo gbé àpò gàrí lé e, mo wọkọ̀.

Ilé ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní anfí. Ẹ fi ojú inú wo ilé sinimá tí ìjókòó rẹ̀ ń ga sókè díẹ̀díẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ìsàlẹ̀, níwájú, ni olùkọ́ ń dúró sí. Ó ń sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ ọ́ sílẹ̀. A pọ̀ ju ìjókòó lọ. Ẹni tí kò rí ìjókòó yóò jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ẹni tí kò rí àtẹ̀gùn yóò dúró lójú fèrèsé níta, yóò fi ìwé rẹ̀ lé ẹ̀yìn ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀, yóò máa kọ. Mo ti fi ẹ̀yìn mi ṣe tábìlì fún ẹni tí mi ò mọ̀ rí. Bí iná bá lọ, ohùn olùkọ́ yóò kú nínú ẹ̀rọ, àwọn tí wọ́n wà lẹ́yìn kò ní gbọ́ nǹkan mọ́, wọn yóò máa wo ẹnu rẹ̀ ni.

Ẹ̀yin ará Kétu, ẹ mọ bí omi ti ṣọ̀wọ́n tó lórí ilẹ̀ wa. Ẹ mọ bí a ti ń fi garawa tò sídìí kànga kí ilẹ̀ tó mọ́, tí olúkúlùkù mọ garawa rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ń fi ìwé tò sórí ìjókòó ní anfí. Bí ẹ̀kọ́ bá máa bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ, aago márùn-ún ni mo ti ń kúrò nílé. Èmi tí mo ti ń tò fún omi láti kékeré, iṣẹ́ yìí kò ṣòro fún mi. Àwọn ọmọ Kútọnu ni ó ṣòro fún.

Ohun tí ó ṣòro fún mi ni pé ẹnikẹ́ni kò mọ̀ mí. Odindi ọdún kan, kò sí olùkọ́ kan tí ó pe orúkọ mi. Kì í ṣe pé wọ́n burú. Báwo ni ènìyàn kan ṣe lè mọ orúkọ gbogbo ọjà? Nọ́ńbà ni mo jẹ́, wọ́n kọ ọ́ sára káàdì mi. Ní Kétu, bí mo bá dúró lójú pópó fún ìgbà díẹ̀ láìlọ síbì kan, ìyá kan yóò ti bi mí pé kí ni ó dé. Ní Calavi, bí mi ò bá lọ sí ẹ̀kọ́ fún oṣù kan, kò sí ẹni tí yóò béèrè. Òmìnira ni àwọn kan pè é. Ó rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn mìíràn. Fún ọmọ ọdún ogún tí ó kọ́kọ́ kúrò lójú ìyá rẹ̀, mo rò pé ẹrù tí ó wúwo ni.

Inú yàrá kan ní àárín ìlú Calavi ni mo ń gbé pẹ̀lú ọmọbìnrin méjì. A dá owó ilé. Onílé wa ní ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń sùn sẹ́yìn fèrèsé wa. Ilé oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú ọgbà yunifásítì, oúnjẹ rẹ̀ kò wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ ó tò kí ẹ tó jẹ. Lálẹ́, gàrí àti ẹ̀pà ni. Mo lè sọ fún yín láìparọ́ pé gàrí ìyá mi ni ó gba ìwé-ẹ̀rí mi, èmi kàn bá a gbé e ni.

Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀, òjò, odò àti ibùgbé ènìyàn ni mo yàn. Faransé ni olùkọ́ fi ń kọ́ wa. Mo gbọ́ Faransé, mo lè kà á, mo lè kọ ọ́. Ṣùgbọ́n Faransé tí ń jáde nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn bí òjò àrọ̀ìrọ̀dá, tí ẹ ní láti mú un kí ó tó bọ́ sílẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ìyẹn. Ní oṣù àkọ́kọ́, ìwé mi kún fún gbólóhùn tí kò ní ìparí.

Ohun tí ó gbà mí ni pé a di mẹ́fà. Ọmọkùnrin méjì láti Ṣábẹ̀, ọmọkùnrin kan láti Pọ̀bẹ̀, ọmọbìnrin kan láti Àjàṣẹ́, èmi, àti ọmọbìnrin Fọ̀n kan láti Bohicon tí ọwọ́ rẹ̀ yá ju tiwa lọ. Kò sí gbólóhùn tí ó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Lálẹ́, a óò jókòó sábẹ́ òpó iná nínú ọgbà yunifásítì, nítorí epo àtùpà ń gbówó. Ẹni tí ó gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ yóò sọ ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó gbọ́ òpin yóò sọ òpin. A óò wá fi Yorùbá tú u palẹ̀. Ọmọ Bohicon náà kò gbọ́ Yorùbá nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó fi di ọdún kejì, ó ti ń fi Yorùbá bú wa.

Mo rántí alẹ́ kan. Olùkọ́ ti lo wákàtí kan láti fi kọ́ wa pé ní gúúsù orílẹ̀-èdè wa, òjò ń rọ̀ ní ìgbà méjì lọ́dún, ẹ̀ẹ̀rùn náà sì jẹ́ méjì, ṣùgbọ́n ní àríwá, ìgbà òjò kan àti ẹ̀ẹ̀rùn kan ni. Àgbà nínú àwọn ọmọ Ṣábẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní: "Bàbá mi mọ èyí. Àárín ni Ṣábẹ̀ wà. Ní ọdún kan, òjò á dáwọ́ dúró ní oṣù kẹjọ bíi ti Àjàṣẹ́. Ní ọdún mìíràn, kò ní dáwọ́ dúró." Gbogbo wa dákẹ́. Òótọ́ ni. Àgbẹ̀ tí kò mọ ìwé ti mọ ohun tí a fi wákàtí kan kọ sílẹ̀. Ohun tí bàbá rẹ̀ kò mọ̀ ni ìdí rẹ̀. Atẹ́gùn méjì ni. Ọ̀kan ń ti orí òkun wá, ó gbé omi. Èkejì ń ti aṣálẹ̀ wá, òun ni ó ń mú ọyẹ́ wá, ó gbẹ. Àwọn méjèèjì ń ti ara wọn síwá sẹ́yìn lórí ilẹ̀ wa. Ibi tí wọ́n ti pàdé ń gòkè lọ sí àríwá, ó sì tún ń padà sí gúúsù, òjò sì ń tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá bi mí pé kí ni wọ́n ń ṣe ní yunifásítì, ọ̀kan nínú rẹ̀ nìyí: wọ́n ń wá ìdí ohun tí ẹ ti mọ̀.

Ìdánwò wà ní òpin ọdún. Lẹ́yìn rẹ̀, wọn yóò lẹ ìwé mọ́ ògiri. Ẹ ó rí èrò níwájú ògiri náà, ẹlòmíràn ń fò sókè, ẹlòmíràn ń rọra jáde láàárín èrò, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ọdún àkọ́kọ́ ni ó burú jù. Àwọn tí ń wọlé pọ̀, àwọn tí ń kọjá sí ọdún kejì kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nínú àwa mẹ́fà, márùn-ún kọjá. Ẹni tí ó kù ni àbúrò nínú àwọn ọmọ Ṣábẹ̀. Ó tún ọdún náà ṣe, kò tún kọjá.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ níbí, ẹ̀yin bàbá àti ìyá.

Ọmọkùnrin yìí kì í ṣe ọ̀lẹ. A jọ ń jí ni. Ṣùgbọ́n kò lè sọ fún ilé. Bàbá rẹ̀ ń fi iṣu ránṣẹ́, ó ń fi owó ránṣẹ́, ó sì ń sọ fún gbogbo Ṣábẹ̀ pé ọmọ òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. A ní kí ó kọ̀wé sílé. Ó ní ta ni yóò ka ìwé náà fún bàbá òun? Ọmọ ilé kejì ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àdúgbò yóò ti gbọ́. Nítorí náà kò kọ ọ́.

Ní ọjọ́ kan ní ọdún 1988, bàbá náà dìde fúnra rẹ̀. Nígbà náà, ọkọ̀ ojú irin ṣì ń kó èrò láti Paraku wá sí Kútọnu. Ó wọ̀ ọ́ ní Ṣábẹ̀, ó gbé iṣu dání. Ó sọ̀ ní Kútọnu, ó wọ takisí wá sí Calavi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì, ó sì sọ fún ẹni àkọ́kọ́ tí ó rí pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe ọmọ mi." Ó dárúkọ ọmọ náà. Ẹni yẹn kò mọ̀ ọ́n. Ó bi ẹlòmíràn. Kò mọ̀ ọ́n. Láti àárọ̀ títí di ìgbà tí oòrùn wọ àtàrí ni bàbá náà dúró, tí ó ń dárúkọ ọmọ rẹ̀ fún àwọn tí ń kọjá. Nígbà tí ó yá, ó jókòó sórí iṣu rẹ̀. Ọmọ Pọ̀bẹ̀ tí ó wà nínú wa ni ó gbọ́ Yorùbá bàbá náà bí ó ti ń kọjá, ó sì mú un wá.

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀. Kò dìde. Ibi tí ó dọ̀bálẹ̀ sí náà ni ó ti sọ gbogbo rẹ̀. Àwa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, a kò mọ ohun tí à bá fi ọwọ́ wa ṣe.

Bàbá náà dákẹ́ pẹ́. Ó wá bi í pé: "Ní ọdún tí iṣu mi kò ta, ṣé mo fi pamọ́ fún ọ?"

Ọmọ ní: "Rárá, Bàbá. Ẹ sọ fún wa."

"Ṣé mo kú?"

"Rárá, Bàbá."

Ó ní kí ó dìde, kí ó wá nǹkan dáná iṣu. Gbogbo wa jẹ nínú rẹ̀. Nígbà tí a jẹun tán, bàbá náà ní kí a fi ibi tí wọ́n ti ń kàwé náà han òun. A mú un wọ anfí. Ó wo àwọn ìjókòó náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ó béèrè pé: "Gbogbo èyí kún?" A ní ó kún dé ìta. Ó mi orí. Ó ní òun rò pé yàrá kan ni, tí olùkọ́ mọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, tí ó bá ń ṣàìsàn yóò ránṣẹ́ sílé.

Ọmọ náà bá bàbá rẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà ó lọ kọ́ iṣẹ́ awọnlẹ̀. Ohun tí ó ti kọ́ lọ́dọ̀ wa nípa àwòrán ilẹ̀ wúlò fún un níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ni ó ti wọ̀n láti ìgbà náà.

Ọdún 1989 ni tèmi dé. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà nígbà náà kò lè gbàgbé rẹ̀. Àwọn báńkì ìjọba ti wó. Owó oṣù òṣìṣẹ́ kò jáde. Owó ìrànwọ́ akẹ́kọ̀ọ́, tí à ń pè ní búúsì, kò jáde. Láti oṣù kìn-ín-ní ni akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ̀, wọn kò wọ ẹ̀kọ́ mọ́, àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ náà sì dáṣẹ́ sílẹ̀. Ọdún ẹ̀kọ́ náà ṣòfò. Àwọn Faransé ní orúkọ fún irú ọdún bẹ́ẹ̀, wọ́n ń pè é ní ọdún funfun. Èmi ò rí ohun tí ó funfun nínú rẹ̀.

Mo wà nínú yàrá wa, mi ò mọ̀ bóyá kí n dúró tàbí kí n lọ. Àwọn kan ń wí pé lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀ ni ẹ̀kọ́ yóò bẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn ní kò ní bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ kan, awakọ̀ kan láti Kétu kó gàrí dé fún mi. Ìwé kan wà nínú àpò náà, wọ́n fi ọ̀rá wé e.

Kí ẹ tó gbọ́ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìwé ṣe ń lọ láàárín èmi àti ìyá mi tẹ́lẹ̀. Èmi ń fi Faransé kọ ọ́. Ọmọ olùkọ́ kan ní àdúgbò ń kà á fún un, ó ń tú u sí Yorùbá. Bí ìyá mi bá fẹ́ dáhùn, ọmọ náà ni ó ń kọ ọ́. Kí ni ènìyàn lè sọ lójú ọmọ ọlọ́mọ? Ìkíni ni. "Ara wa le. A kí ọ. Kàwé rẹ dáadáa." Ọdún mẹ́ta ni a fi ń kí ara wa bẹ́ẹ̀.

Ìwé tí mo rí nínú àpò gàrí náà, pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi kọ ọ́. Lẹ́tà rẹ̀ tóbi, àwọn kan dúró ṣánṣán, àwọn kan dùbúlẹ̀. Yorùbá ni. Ìyá mi ni ó kọ ọ́. Ó ti ń lọ sí ẹ̀kọ́ àgbà lálẹ́ láti ọdún kan sẹ́yìn, kò sì sọ fún mi.

Mo jókòó láti kà á, ó sì le fún mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ti fi nǹkan bí ọdún mẹ́rìnlá ka Faransé, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi ní Yorùbá kíkà rí ní ilé-ìwé. Ojú mi kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kan parí sí. Mo ní láti máa fi ẹnu kà á sókè, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, bí ẹ̀yin náà ti ṣe nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ó ní: "Ọmọ mi, a gbọ́ ní rédíò pé ẹ kò kàwé mọ́. Má dúró síbẹ̀ kí ebi pa ọ́. Máa bọ̀ nílé. Gàrí ń bẹ. Owó ilé rẹ tí mo yá nínú àjọ, mo ti san án, ó ku ẹ̀ẹ̀mejì. Má sọ fún bàbá rẹ."

Mi ò mọ̀ pé ó yá owó. Bàbá mi kò mọ̀. Ọmọ olùkọ́ tí ń kọ̀wé fún un kò mọ̀. Ó dúró títí òun fi lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ kí ó tó sọ ọ́.

Mo dijú àpótí mi, mo lọ sílé. Gbogbo ìyókù ọdún yẹn, gàrí ni mo ń dín. Mo mọ ìdí tí òjò fi ń rọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi jó nídìí agbada bí ti ọmọdé. Ní alẹ́, ìyá mi ń gbé ìwé rẹ̀ jáde, èmi náà ń jókòó tì í. Àmì orí ọ̀rọ̀ ni ó ń dààmú mi, òun kì í ṣì í. Ní oṣù Kejìlá, ìjọba sọ pé òun ti fi ọ̀nà Marx àti Lenin sílẹ̀. Láti ọjọ́ 19 sí ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 1990, wọ́n ṣe Àpérò Orílẹ̀-èdè ní Kútọnu. A fi rédíò sí ẹ̀gbẹ́ agbada, a ń gbọ́ ọ. Nígbà tí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀, mo padà. Mo gba ìwé-ẹ̀rí mi ní ọdún 1991. Mo sì fi í ṣe olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Nísinsin yìí, ọmọ àbúrò mi ni ó wà ní Calavi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ti ju 50,000 lọ. Ó pọ̀ ju ìlú mìíràn lọ. Kì í ṣe ara ògiri nìkan ni wọ́n ń lọ wo èsì mọ́, ó lè wá bá wọn nínú tẹlifóònù. Ètò ẹ̀kọ́ náà ti yí. Ọdún mẹ́ta ni ìwé-ẹ̀rí àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní lísáǹsì, ọdún méjì sì ni èyí tí ó tẹ̀ lé e. Ọmọ lè kọjá sí ọdún kejì, síbẹ̀ kí ó ṣì jẹ gbèsè ẹ̀kọ́ kan tàbí méjì tí yóò tún ìdánwò rẹ̀ ṣe. Nítorí náà, bí ẹ bá bi í pé "Ṣé o kọjá?" tí ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ tún bi í pé: "Ẹ̀kọ́ mélòó ni o jẹ?" Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í, bí ẹni tí ń béèrè bí iṣu ti rí. Bí ó bá ní òun jẹ méjì, ẹ má ṣe ké.

Ohun kan tún wà tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣe kí ọmọ tó wọkọ̀. Ẹ mú ìwé, kí ẹ̀yin fúnra yín kọ nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀ láti ẹnu rẹ̀: orúkọ rẹ̀ bí ó ti wà nínú káàdì, nọ́ńbà rẹ̀, orúkọ ẹ̀ka tí ó wà, orúkọ onílé rẹ̀ àti àdúgbò, orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì àti nọ́ńbà tẹlifóònù wọn. Tẹlifóònù ọmọ lè sọnù, ó sì lè kú. Bí ẹ bá dé Calavi tí ẹ ní ìwé yìí lọ́wọ́, ẹ ó rí ọmọ yín kí ọjọ́ náà tó lọ.

Ti ọmọ àbúrò mi, ìyá mi ni ó kọ ọ́. Ó ti di arúgbó, ojú rẹ̀ kò dá ṣáṣá mọ́, ṣùgbọ́n kò gbà kí n bá òun kọ ọ́. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ni ó kọ ọ́ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ ọjà.